Ẹni Tó Gbé Oògùn Wá

Lọ́dún 1978, ẹni tí dókítà bá kọ Aldomet tàbí Daonil fún ní ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó kò nílò ẹ̀gbọ́n kankan ní ìlú ọba. Géètì Ìdí-Àràbà ló máa gbà jáde, á bọ́ sí Ishaga Road, á yà sí kẹ́mísì tó bá kọ́kọ́ kàn, á na ìwé oògùn sí wọn, wọ́n á sì ka hóró oògùn fún un látinú irú páálí kan náà tí wọ́n ń tú ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ní bi wọ́n bóyá ojúlówó ni. Kò sẹ́ni tó ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. May & Baker ti wà nílẹ̀ yìí láti ọdún 1944, Beecham ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí láti 1972, Pfizer náà wà. Bí ibà bá mú ọmọ, Nivaquine ń bẹ nílé. Bí kò bá sí nílé, ó wà ní òpópónà kejì.

Oníkẹ́mísì tó wà ní Lawanson nígbà tí mo wà ní kékeré mọ orúkọ gbogbo wa. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Màmá máa ń ru. Ó mọ̀ pé àbúrò mi kì í lè gbé hóró mì, olómi ló máa ń wá fún un. Bí a bá ń ti ilé ìwé bọ̀, tó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti rán wa níṣẹ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, á yọjú síta, á ní, “Ẹ sọ fún Màmá pé oògùn wọn á ti fẹ́ máa tán o.” Kò ní kọ̀ǹpútà, kò sì ní fóònù. Ìwé ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ká ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, mo sì gbà pé kò sí ìtọ́jú tó ju ìyẹn lọ fún ẹni tó ní àìsàn tí kì í lọ.

Mi ò sọ pé ayé ìgbà náà tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìdí-Orò àti Ọlọ́ṣà kò lówó Aldomet, àgbo ni wọ́n ń mu títí àìsàn á fi gbé wọn ṣánlẹ̀. Nígbà tí ìjọba Jákàńdè dé lọ́dún 1979 pẹ̀lú ètò ìlera ọ̀fẹ́ ẹgbẹ́ UPN, ìlà tó wà níwájú ilé ìwòsàn ìjọba gùn dé títì. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó wà lórí ìlà ń rò ni pé bóyá oògùn á kàn wọ́n lónìí. Wọn kì í rò ó bóyá oògùn tó bá kàn wọ́n á ṣiṣẹ́. Ó gba ọdún díẹ̀ kí ìrònú kejì yẹn tó wọ ọkàn wa, láti ìgbà tó sì ti wọlé, kò tíì jáde.

Owó epo rọ̀bì ló kọ́kọ́ já. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1982 ìjọba Shagari kéde òfin ìṣọ́wóná, ó di dandan kí ẹni tó fẹ́ kó ọjà wọlé gba ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ náà sì sábà ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ènìyàn ju ẹni tó mọ oògùn lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń pò oògùn ní Ìkẹjà kò rí èròjà kó wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983 làwọn ológun gbàjọba, nínú ọ̀rọ̀ tí Sani Abacha sì bá gbogbo ìlú sọ lórí rédíò, ilé ìwòsàn wà lára ẹ̀sùn: ó ní wọ́n ti di ibi tí dókítà kàn ti ń yẹni wò lásán, kò sí oògùn, kò sí omi, kò sí ohun èlò. Kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀ ní Múṣin. Ìjọba tó sọ ọ́ lọ, òmíràn dé, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n pè ní SAP wọlé lọ́dún 1986, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sísàlẹ̀. Nílé ìwòsàn, ẹ ó na ìwé oògùn sí wọn lójú wíńdò, wọ́n á fi báírò kọ O/S, ìyẹn ni pé kò sí, síwájú ohun tí dókítà kọ, wọ́n á dá ìwé náà padà fún yín. O/S lórí ìlà àkọ́kọ́, O/S lórí ìkejì, panadol nìkan ló máa ń kù.

Ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọjọ́ tí ará ìlú ọba ń bọ̀ bí ẹni mọ ọjọ́ ọdún. Ìròyìn á ti tàn kálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ ẹni kan ní Agúdà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́tà á ti kọ́kọ́ lọ, lórí ìwé búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn tí wọ́n ń ká pọ̀ tó di àpòòwé ara rẹ̀, orúkọ oògùn á wà nínú rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà kí wọ́n má baà ṣì í kà. Àwọn tó lè dúró de ìlà á lọ sí ọ́fíìsì NITEL, wọ́n á pariwo orúkọ oògùn náà sínú fóònù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, “M fún Mama, O fún Orange,” títí wọ́n á fi parí Moduretic.

Àbúrò Màmá, Àǹtí wa, ń ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n ń gbé ní Peckham. Àwọn ló ń fi oògùn ránṣẹ́. Ẹni tí wọ́n fi rán, a lè má mọ̀ ọ́n rí. Mo rántí bàbá kan láti Ìtìrẹ́ tó wá bá wa nílé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nylon Boots lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ kúulé o, Ìyá. Àbúrò yín ní kí n fi èyí lé yín lọ́wọ́ fúnra yín. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fún ọmọdé.”

“Ẹ kú ewu ọ̀nà, Bàbá. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n bu omi fún yín.”

Bàbá náà jókòó, ó mu omi, ó jẹ iyán. Ó wá ní, “Ìyá, ẹ má bínú o. Wọ́n tún ní kí n wo ẹsẹ̀ yín.” Màmá rẹ́rìn-ín, ó gbé ìró sókè díẹ̀, bàbá náà sì tẹ̀ síwájú, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó wò ó bóyá ó ṣì wú, bóyá ojú ibi tó tẹ̀ á padà kíá. Nígbà tó padà dé Lọ́ńdọ̀nù, Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: ẹsẹ̀ ti fà, ojú mọ́lẹ̀, ohùn já gaara. Òun fúnra rẹ̀ ló fojú rí i. Bí oògùn ṣe ń rìn nígbà náà nìyẹn, ẹnìkan á gbé e wá, ẹni náà á sì gbé ìròyìn aláìsàn padà lọ.

Inú nylon yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí káàdì oògùn tí wọ́n kọ ọjọ́ sí lẹ́yìn, MON, TUE, WED, títí lọ, hóró 28 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Màmá kò ka ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé SUN ni ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló sì ti ń ka yòókù. Bó bá kan ọjọ́ kan tí hóró ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ lálẹ́, ó máa ń bínú sí ara rẹ̀. Sitíkà funfun kan wà lára páálí, ẹ̀rọ ló tẹ orúkọ sí i, orúkọ Àǹtí sì ni. Ó pẹ́ kó tó yé wa. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà ń ru. Oògùn tí dókítà kọ fún wọn ni wọ́n ń pín sí méjì, wọ́n ń lo apá kan, wọ́n ń fi apá kejì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn. Ọjọ́ tí Màmá gbọ́, kò jẹun. Ó ní kí wọ́n kọ̀wé pé òun ò fẹ́ mọ́. Wọn kò dáwọ́ dúró.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ìgò aláwọ̀ ọsàn ni tiwọn, ọmọrí rẹ̀ funfun, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó yí i, kí ọmọdé má baà lè ṣí i. Ní àgbàlá wa, àwọn ọmọdé ló ń ṣí i fún àwọn àgbà. Insulin ló le jù láti gbé, torí kò gbọ́dọ̀ móoru. Inú fláàsì oníyìnyín ló ń wá, ẹni tó gbé e kò sì gbọ́dọ̀ tòògbé nínú bàálù, pàápàá bí bàálù bá dúró ní Kánò kó tó dé Èkó. Àwọn òbí tó bí ọmọ oní-fòníkú-fọ̀ladìde sì ní tiwọn, Paludrine, hóró kan lójúmọ́ kí ibà má baà ru ìrora sókè. Ní Lọ́ńdọ̀nù èèyàn lè rà á ní kẹ́mísì láìgba ìwé dókítà, ìdí nìyí tó fi rọrùn láti bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ dókítà kankan.

Ewu wà nínú ètò yẹn. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá sún ọjọ́ síwájú, oògùn á tán, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gé hóró kan sí méjì kó lè tó. Ohun tí Àǹtí ń fún Màmá, dókítà kò kọ ọ́ fún Màmá. Ẹni kan tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń méfò. Èyí tó burú jù ni pípín. Aládùúgbò wa kan wà tí asthma ń dà láàmú, wọ́n sì sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Màmá bu díẹ̀ fún un nínú tiẹ̀, Inderal tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ohun tó dára jù nínú ilé. Inderal máa ń há èémí ẹni tó ní asthma. Kí ilẹ̀ tó mọ́ a ti gbé obìnrin náà dé Ìdí-Àràbà. Orí yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń ti oògùn rẹ̀ mọ́nú àpótí, kò sì ka ara rẹ̀ sí ahun nítorí rẹ̀.

Kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn fi kúndùn oògùn òkè òkun báyìí, tó fi jẹ́ pé kódà nígbà tí oògùn tún padà sórí pákó kẹ́mísì, wọn ò fẹ́ fọwọ́ kàn án? Nítorí ohun tó wọlé nígbà tí pákó ṣófo ni. Ayédèrú rí àyè. Lọ́dún 1988 ìjọba ológun ṣe òfin lórí oògùn ayédèrú, Òfin 21. Lọ́dún 1990, omi oògùn paracetamol tí wọ́n fi èròjà olóró pò pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Ìbàdàn àti ní Jos. Òbí tó fọwọ́ ara rẹ̀ bu ṣíbí oògùn sẹ́nu ọmọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tún ní gbẹ́kẹ̀ lé ìgò mọ́. Lọ́dún 1993 ni wọ́n fi òfin dá NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2001 tí Dora Akunyili dé ibẹ̀ láti darí rẹ̀ lojú wa tó là. Ó ní ìdí tó fi gba ọ̀rọ̀ náà bí ìjà: àbúrò rẹ̀ obìnrin, Vivian, tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, kú lọ́dún 1988 lẹ́yìn tí wọ́n fi insulin ayédèrú tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2003 àwọn agbébọn dènà dè é, ọta ìbọn gba inú gèlè orí rẹ̀ kọjá. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣì ń rántí bí àwọn obìnrin ọjà Tẹjúoṣó ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé ará ilé wọn ni. Ìgbà tirẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í yí páálí oògùn kiri láti wá nọ́ńbà NAFDAC. Nígbà tó sì di 2010, wọ́n ní ká máa ha ojú páálí àwọn oògùn kan, ká fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí 38353 lórí fóònù, èsì á wá pé ojúlówó ni tàbí kì í ṣe ojúlówó. Ìtùnú ńlá ni ìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó dé, láàárín òpin 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ọmọ wẹ́wẹ́ 84 ló kú nítorí My Pikin, oògùn eyín tí wọ́n pò ní Èkó níbí, irú èròjà olóró ti 1990 yẹn náà ló sì wà nínú rẹ̀.

Ohun kan wà ní Yábà tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Lọ́dún 1997, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, ẹni tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ dókítà ọmọdé ní Ìdí-Àràbà kó tó di mínísítà ètò ìlera, kéde fún gbogbo ayé pé éèdì ló pa àbúrò òun, Fẹlá, oògùn tó lè dá kòkòrò náà dúró ti wà ní ìlú òyìnbó. Ti ọdún kan níbẹ̀ ju dọ́là 10,000 lọ. Ní Èkó, ẹni tó lówó ló lè ní kí wọ́n bá òun gbé e wá, ní bòókẹ́lẹ́, nínú ìgò tí wọ́n ti ṣí bébà kúrò lára rẹ̀ kí ará ilé má baà mọ̀. Ẹni tí kò lówó ń lọ sílé lọ kú. Ní oṣù Kejì ọdún 2001 ni Cipla ti Íńdíà sọ pé òun lè ta á ní dọ́là 350 lọ́dún. Lọ́dún 2002 ìjọba Ọbásanjọ́ kó o wọlé fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000, ní ibùdó 25 káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹnìkọ̀ọ̀kan ń san ₦1,000 lóṣù. Ibùdó ìwádìí ìṣègùn, NIMR, tó wà ní Edmond Crescent ní Yábà, wà lára ibùdó wọ̀nyẹn. Ètò náà ní ìkùnà tirẹ̀, oògùn tán nígbà kan, àwọn èèyàn sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2006 ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn wá di ẹni tó ń tò sórí ìlà lójú mọ́mọ́, tó ní káàdì, tó ní nọ́ọ̀sì tó mọ orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ oògùn òkè òkun, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Oògùn náà kò yéé ti òkè òkun wá. Ohun tó yí padà ni pé ọ̀nà tó ń gbà wọlé ti wá gba gbogbo ènìyàn.

Nísinsìnyí a ti tún padà sídìí nylon. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 GSK kéde pé òun ń kó káńgárá òun kúrò nílẹ̀ yìí, ilé iṣẹ́ tí oríkò rẹ̀ wà nígbà náà ní Industrial Avenue ní Ilúpéjú, ní Múṣin gan-an, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kí ọdún náà tó parí, Sanofi náà ní àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa bá òun ta ọjà òun. Náírà tó wà ní nǹkan bíi 460 sí dọ́là kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá 1,500 nígbà tó di oṣù Kejì 2024. Ventolin tí ẹni tí èémí ń há fi ń gba ara rẹ̀ là, Augmentin tí gbogbo ìyá mọ̀, owó wọn fò sókè léraléra, ìgbà míì sì wà tí kò tilẹ̀ sí láti rà. Mo dúró ní kẹ́mísì kan ní Ojúẹlẹ́gba lọ́jọ́ kan, mo rí bàbá kan tó béèrè iye Ventolin, tó gbọ́ ọ, tó rọra tì í padà lórí gíláàsì, tó ní òun ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe tún ń fi orúkọ oògùn ránṣẹ́ sí òkè òkun, lórí WhatsApp báyìí, fọ́tò páálí nìkan ló gbà. Ó yá ju lẹ́tà búlúù lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé e wá? Ẹni tó ń rìnrìn àjò ti ń ta kílò. Àjèjì ni sí ẹni tó fi nǹkan rán an, àjèjì ni sí ẹni tó ń gbà á. Wọ́n á pàdé níwájú ilé epo kan ní Sábó, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó kílò ránṣẹ́, á fún wọn ní nylon, ọlọ́kadà á gbé e lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ẹbí lọ́hùn-ún, ọwọ́ oníṣòwò ni wọ́n ti ń rà á, ẹni tó gbé e sórí status rẹ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti UK ti balẹ̀, ojúlówó, ó kù díẹ̀. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iye ọjọ́ tó lò nínú ilé ìkẹ́rùsí tó gbóná. Bí wọ́n bá tún páálí rẹ̀ tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Ìdúmọ̀tà, ta ló máa mọ̀? Kúríà tó ní nọ́ńbà ìtọpasẹ̀ á sọ fún yín pé ẹrù ti kúrò ní Heathrow, pé ó ti dé Ìkẹjà, pé wọ́n ti fi lé ẹnì kan lọ́wọ́ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò ní sọ fún yín bóyá ẹsẹ̀ Ìyá ṣì wú.

Àwọn ẹbí tó wà lọ́hùn-ún náà, ọwọ́ wọn kò tú mọ́ bíi ti àtijọ́. Láti ọdún 1998, paracetamol lásán, ṣọ́ọ̀bù kì í tà ju hóró 16 lọ nínú páálí kan, kẹ́mísì kì í kọjá 32. Oògùn tó nílò ìwé, dókítà ibẹ̀ kò ní kọ ọ́ fún ìyá ẹni tó wà ní Lawanson tí kò rí rí. Ní England, pọ́n-ùn 9.90 ni wọ́n ń san lórí oògùn kọ̀ọ̀kan láti oṣù Karùn-ún 2024. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Òfin yẹn ń dáàbò bò wọ́n, irú ààbò tí à ń wá fún ara wa níbí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tó ní in lọ́kàn láti ṣèrànwọ́ ní láti sọ pé, “Màmá, ẹ má bínú, GP mi ò lè kọ ọ́,” ìyá tó sì ń gbọ́ ọ á máa rò pé ọmọ òun ti yípadà.

Ohun tí n kò ronú kàn rí láyé mi ni pé ọjọ́ kan á dé tí oògùn á máa ti Sùúrùlérè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ lọ dúró ní kẹ́mísì èyíkéyìí lójú ọ̀nà Lawanson ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ máa lọ. Wọ́n mú ìwé pélébé lọ́wọ́: Coartem, Lonart, Flagyl, Ampiclox, oògùn aràn, omi oògùn ikọ́ fún ọmọ. Ìyá wọn ló ń kà á, tó ń fi ìka tọ́ka, tó ń sọ pé kí wọ́n fi káàdì méjì kún un. Wọ́n ti gbọ́ pé ní ìlú ọba èèyàn ò lè ra oògùn apakòkòrò láìgba ìwé dókítà, pé wọ́n lè ní kó lọ mu omi gbígbóná, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ibà kúkú yé mi, dókítà tí kò rí ibà rí lè máa wá a kiri títí tí àìsàn á fi wọra. Ti Ampiclox ni kò yé mi. Àṣà pé kí oníkálukú máa ra apakòkòrò bó ṣe wù ú, òun ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di èyí tí kò lágbára mọ́ níbí, ìdí tí wọ́n sì fi lè kó o lọ ni pé ọwọ́ wa níhìn-ín tú jù. Kí òbí sì rántí pé oògùn tó ní codeine, tramadol tàbí diazepam nínú, ọ̀ràn ni ní ẹnu ibodè bí kò bá sí ìwé dókítà. Bó bá sì kọjá ti oṣù mẹ́ta, UK á béèrè ìwé àṣẹ. Canada àti Amẹ́ríkà náà, nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n ń fojú sí fún ohun tí èèyàn gbé fún ìlò ara rẹ̀.

Àwọn ọmọ yìí ló yẹ kó máa gbé nylon Boots bọ̀ fún wa. Ìyá wọn ló ń gbé nylon kẹ́mísì Lawanson fún wọn. Ìfẹ́ kan náà ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń lọ ni oníkẹ́mísì fúnra rẹ̀ wà, àti nọ́ọ̀sì, àti dókítà ọ̀dọ́ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ní Ìdí-Àràbà. Oògùn ẹnì kan lè ti òkè òkun wá, kó sì tún padà síbẹ̀. Ẹni tó mọ ìgbà tí oògùn Màmá máa ń tán, bó bá ti lọ, kò sí kílò tí wọ́n lè fi gbé e padà.

Àwọn nǹkan kan ń lọ dáadáa, mo sì ń dì mọ́ wọn. Hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora fòníkú-fọ̀ladìde kù, tí ìdílé ní láti ránṣẹ́ wá kiri tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń ṣe é ní Awẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ilé iṣẹ́ Bond Chemical. Ibùdó àwọn aláìsàn náà dojú kọ LUTH ní Ìdí-Àràbà. Òbí tó bá jáde níbẹ̀ lè rí oògùn tí wọ́n fi ọwọ́ Yorùbá pò. Emzor tó bẹ̀rẹ̀ láti kẹ́mísì kékeré ní Ṣómólú lọ́dún 1977 ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà 2024 Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tó mú owó ibodè kúrò lórí èròjà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn. Ní oṣù Kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn ní Ìdúmọ̀tà, ní Àbá àti ní Onitsha pa láti tú u wò. Owó tó wà lára páálí kò tíì wálẹ̀ nítorí wọn, àwọn tó ń rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Manchester. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa àgbà, Bùrọ̀dá, ń ru bíi ti Màmá. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa fi oògùn ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ti ṣe, ó wá rí i pé kò ṣeé ṣe. Ohun tó ṣe ni pé ó pe oníkẹ́mísì kan ní Sùúrùlérè, obìnrin tó gba ìwé ẹ̀rí dáadáa, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, obìnrin náà yí páálí wò níwájú rẹ̀, ó fi nọ́ńbà NAFDAC hàn án, ó fi déètì hàn án. Àbúrò mi ní òun á san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Obìnrin náà kọ̀. Ó ní, “Àǹtí, ti oṣù kan kan ni mo máa ń tà. Kí Bàbá máa wá fúnra wọn. Mo ní láti wọn ẹ̀jẹ̀ wọn kí n tó fún wọn.” Bùrọ̀dá ráhùn, orúnkún ń dùn wọ́n. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó, obìnrin náà á di ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá, á fi nọ́ńbà tó bá gbé jáde ránṣẹ́ sí Manchester kó tó ka hóró oògùn. Lóṣù tó kọjá nọ́ńbà náà ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó pe dókítà wọn, wọ́n yí ìwọ̀n oògùn padà lọ́jọ́ náà gan-an. Àbúrò mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí Bùrọ̀dá tó délé.